Ìrántí kọ́ ni èkùrọ́ ń pín, àyè ni

Ẹ̀yin ará wa tí a jọ ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù kọ̀wé sí wa lánàá pé àwọn ti rí orúkọ fún iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ń ṣe kí kọ̀ǹpútà má baà fi mẹ́mọ́rì rẹ̀ ṣòfò. “Ìmúgbòòrò ìrántí èkùrọ́” ni wọ́n pè é, “èkùrọ́” dípò kernel, ohun tó wà láàárín gbùngbùn Linux, “ìrántí” dípò mẹ́mọ́rì. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ọ̀pọ̀ ti gbóríyìn fún wọn, ẹnì kan tilẹ̀ ní kí a tètè kó o sínú àkójọ ọ̀rọ̀ wa. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n mọ̀ pé mo bọ̀wọ̀ fún àwọn, ọ̀rọ̀ náà ni mo ní ẹjọ́ lọ́rùn.

Èkùrọ́ ò ní wàhálà kankan lọ́dọ̀ mi. Ẹni tó ní “kókó” ló dára jù, ẹ jọ̀wọ́, kókó lè so sára igi, ó lè so sí èèyàn lọ́rùn, kò sọ ohun tó wà nínú ohun mìíràn fún wa. Èkùrọ́ ní èèpo. Linux náà sì ní ohun tí wọ́n ń pè ní shell, òun ló wà níta tí à ń kọ àṣẹ sí, èkùrọ́ wà nínú, òun ló ń bá irin ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Ẹni tó dá ìyẹn sílẹ̀ ronú.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni “ìrántí”. Ẹ wo ọ̀rọ̀-ìṣe inú rẹ̀. Ẹni tó bá rántí, nǹkan náà ti kọ́kọ́ kúrò lọ́kàn rẹ̀ ni. “Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí” là ń wí, à ń ṣe ìrántí ọdún kan tí bàbá papò dà. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni ìrántí, kì í ṣe ibi tí nǹkan ń gbé. Ibi tí ìmọ̀ ń gbé nínú èèyàn, iyè ni àwọn àgbà ń pè é. Ìyá bàbá mi kì í sọ pé òun ò rántí, “iyè mi ò lọ síbẹ̀” ni màmá máa ń wí, bí arúgbó kan bá sì ń ṣi ọmọ rẹ̀ pè, wọ́n á ní iyè rẹ̀ ti ra. Ọmọ awo tó ń kọ́ Ifá, ìsọ̀yè ni wọ́n ń ṣe fún un. Ta ló ti gbọ́ “ìsọ̀rántí” rí?

Ọ̀jọ̀gbọ́n tó wà láàárín wa wá di èyí mú, wọ́n ní kí a kúkú pè é ní “iyè èkùrọ́”, pé ọ̀rọ̀ parí. Kò tíì parí, sà. Ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ tí èkùrọ́ ń ṣe gan-an. Ó gé mẹ́mọ́rì sí ojú-ìwé kéékèèké. Lórí ẹ̀rọ x86 tí ọ̀pọ̀ wa ń lò, ojú-ìwé kan sábà máa ń jẹ́ báìtì 4096. Ètò kan tó ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà á tọrọ ojú-ìwé, èkùrọ́ á fún un. Òmíràn á tọrọ, á fún ìyẹn náà. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó tán, èkùrọ́ á wá ojú-ìwé tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti ìjọ́ yìí, á kó ohun inú rẹ̀ lọ sórí dísìkì, tàbí kó dà á nù bí ẹ̀dà rẹ̀ bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, á sì fi ibẹ̀ fún ẹlòmíràn. Kò bìkítà ohun tí a kọ síbẹ̀. Kò rántí, kò mọ̀, kò sọyè. Àyè ló ń pín, àyè ló ń gbà padà.

Àyè ni mo kọ o, àmì ìsàlẹ̀ lórí a, àmì ìsàlẹ̀ lórí e. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dá a lábàá níjọ́sí, ẹnì kan tún un kọ fún mi ní “ààyè”, ó ní ọ̀kan náà ni. Kì í ṣe ọ̀kan náà! Ààyè ni ìdàkejì òkú. Mo mọ̀ pé àwọn ìwé ìròyìn ń kọ “fún un ní ààyè”, ẹnu ló fà á gùn, ọwọ́ sì tẹ̀ lé ẹnu. Ẹ wá gbìyànjú láti kọ gbólóhùn yìí: èkùrọ́ ń gba àyè lọ́wọ́ ètò tó ṣì wà láàyè. Ẹ kọ méjèèjì bákan náà, kí ẹ fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ kà.

Àwọn kan sọ pé kí a súnkì “pípín àyè” sí “ìpínyè”. Rárá o. Bí a bá ti pa a inú àyè jẹ, etí á gbọ́ iyè, bí ó ti ń gbọ́ ọ nínú ìsọ̀yè, a ó sì ti padà sí ibi tí a ti ń sá bọ̀. “Pípín àyè” ni kí a máa kọ. A ò sì lè kọ “àyè èkùrọ́” nìkan, nítorí ìyẹn á jẹ́ àyè tí èkùrọ́ yà sọ́tọ̀ fún ara rẹ̀, èyí tí ètò lásán ò gbọdọ̀ wọ̀. “Bí èkùrọ́ ṣe ń pín àyè” gùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yé èèyàn.

“Ìmúgbòòrò” ńkọ́? Ohun tí a bá mú gbòòrò ti fẹ̀ sí i. Mẹ́mọ́rì ò fẹ̀! Iye tó wà nínú ẹ̀rọ nígbà tí ẹ rà á náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ohun tó wọ inú Linux 6.1 lóṣù Kejìlá ọdún 2022, tí Yu Zhao ti Google kọ, tí wọ́n ń pè ní multi-gen LRU, kò fi ẹyọ báìtì kan kún mẹ́mọ́rì ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀, ìsọ̀rí méjì ni èkùrọ́ ń pín ojú-ìwé sí, àwọn tí à ń lò àti àwọn tí a pa tì, ó sì máa ń ṣe wàhálà gan-an kó tó mọ èyí tó yẹ kó jáde. Ètò tuntun yìí lè pín wọn sí ọ̀nà mẹ́rin ní títẹ̀lé bó ti pẹ́ tó tí a lò wọ́n gbẹ̀yìn. Àwọn tó kọ ọ́ jábọ̀ pé lórí ẹ̀rọ Google, agbára tí kswapd, òṣìṣẹ́ tó ń gba àyè padà, ń jẹ lára prósẹ́sọ̀ fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Àtúntò ni ìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n pe ìsọ̀rí wọ̀nyẹn, tí Òyìnbó ń pè ní generation, ní “ìran”. Ojú-ìwé kì í bí ojú-ìwé, ìran kí ni? Àwọn tí a lò lásìkò kan náà ni wọ́n jọ wà pọ̀, bí àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí-kan-náà tó ń jáde ní Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹgbẹ́ ni. Lóòótọ́, ojú-ìwé tó ti gbó lè padà sínú ẹgbẹ́ èwe bí ètò kan bá tún fọwọ́ kàn án, èèyàn ò sì rí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú “ìran” pàápàá kò sí ìpadàbọ̀.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ sọ pé iye ọdún tí ẹ ti fi kọ́ni ní Yorùbá tó kí a fi ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ fún yín. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Fafunwa tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ Ifẹ̀ lọ́dún 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, iṣẹ́ gan-an ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ wọn ṣe, wọn ò fi oyè gbè é lẹ́sẹ̀. Ẹ dárí jì mí, ṣùgbọ́n mi ò lè gbé e jẹ.

Èyí tó kù ni òṣìṣẹ́ èkùrọ́ tó ń pa ètò nígbà tí àyè bá tán pátápátá, OOM killer lédè Òyìnbó. “Ikú” tí ẹ̀gbọ́n fún un kò tọ́, nítorí èyí ń fi máàkì yan ẹni tí yóò pa, ẹni tó ni ẹ̀rọ sì lè kọ -1000 sínú oom_score_adj, fáìlì tí a fi ń tún máàkì ètò kan ṣe, kí ó má fọwọ́ kàn án rárá. Ikú wo ló ń gba irú àdéhùn bẹ́ẹ̀? Àbúrò kan mú “apètò” wá. Ó dùn lẹ́nu, àmọ́ ṣé pípa ni tàbí pípè? Pa ètò, pètò. Pe ètò, pètò. Èkùrọ́ ń ṣe méjèèjì. Títí ẹnì kan yóò fi rí èyí tó yà wọ́n sọ́tọ̀, “olùpa ètò” ni n ó máa kọ, láìgé e kúrú.