Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: wọ́n ní kí ìyá mi lọ ṣe àyẹ̀wò EMG

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Fìà
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Òṣogbo. Ọ̀rọ̀ ìyá mi tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Ìgbọ̀nà ni. Láàárọ̀, ara wọn á le koko. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ìpéǹpéjú òsì á ti wálẹ̀ bo ẹyinjú. Bí wọ́n bá ń jẹ ẹran, ẹnu á rẹ̀ wọ́n, wọ́n á fọwọ́ ti àgbọ̀n. Lọ́jọ́ Sunday tó kọjá, ọwọ́ wọn ò lè dúró lókè láti wé gèlè, èmi ni mo wé e. Dókítà kọ EMG sínú ìwé, ó ní iná àti abẹ́rẹ́ ni wọn á fi yẹ iṣan wọn wò. Àbúrò wọn ní àfiṣe ni. Àwọn fúnra wọn ní àwọn ò lọ síbi tí wọ́n ti ń fi iná gbé èèyàn. Ta ló ti ṣe é rí? Báwo la ṣe máa múra?

Ìyá Ìbejì Aláró
Mo ti ṣe é, ọmọ mi. Ìtọ̀ ṣúgà ló ba ẹsẹ̀ mi jẹ́, ó ń ta mí bí ata. Wọ́n lẹ nǹkan pẹlẹbẹ mọ́ mi lẹ́sẹ̀, wọ́n fi iná díẹ̀ kàn án, ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ta pọ́ún fúnra rẹ̀. Ìyẹn ò dùn mí tó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yìn náà ni abẹ́rẹ́ tín-ín-rín kan, kò sí oògùn kankan nínú rẹ̀, ńṣe ló ń gbọ́ ohun tí ẹran ara ń sọ. Nígbà tí mo dẹ ẹsẹ̀, ẹ̀rọ dákẹ́ lọ gbári. Wọ́n ní kí n gbé e sókè, ó ń ró bí ìgbà tí wọ́n ń yan gúgúrú! Abẹ́rẹ́ yẹn dùn mí lẹ́yìn ojúgun, mi ò ní parọ́ fún ìyá rẹ, àmọ́ ọjọ́ kejì ó ti lọ. Kí wọ́n má fi òrí tàbí ìpara kankan para lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n wọ bùbá tí apá rẹ̀ fẹ̀.

Télọ̀ Ọjà Ọba
Ọwọ́ ni tèmi, àtàǹpàkò àti ìka méjì tó tẹ̀ lé e ló máa ń kú lóru. Iná nìkan ni wọ́n fi wò ó, wọ́n rí i pé iṣan tó gba ọrùn ọwọ́ kọjá ló há. Ẹ lọ o.

Fisió Ọ̀ṣun
Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ kí n là á dáadáa. Méjì ni ohun tí Yorùbá ń pè ní iṣan níbí: èyí tó ń gbé iṣẹ́ wá láti ọpọlọ, tí a ń pè ní nẹ́ẹ̀fù, àti ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ náà. Iná ń dán nẹ́ẹ̀fù wò: ní apá, iṣẹ́ tí nẹ́ẹ̀fù ń gbé sábà máa ń sáré tó ìwọ̀n mítà 50 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Tí ọwọ́ bá tutù, ó máa ń falẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mú ọwọ́ gbóná lásìkò ọyẹ́. Abẹ́rẹ́ ń dán ẹran ara wò.

Àmọ́ ohun tí Àbẹ̀kẹ́ sọ yìí, tó ń dára láàárọ̀, tó ń rẹ̀ lálẹ́, jọ ìṣòro ibi tí nẹ́ẹ̀fù àti ẹran ara ti pàdé. Myasthenia gravis, àìsàn tó ń mú kí ẹran ara tètè rẹ̀, máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, kì í ṣe àfiṣe. Àyẹ̀wò abẹ́rẹ́ lásán lè ní kò sí nǹkan kan! Ẹ béèrè fún repetitive nerve stimulation: wọ́n á fi iná kan nẹ́ẹ̀fù náà léraléra, bí ẹ̀ẹ̀mẹta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n á wò ó bóyá ìdáhùn ẹran ara ń já wálẹ̀. Tó bá já ju ìdá 10 nínú 100 lọ, ó ti fẹ́ hàn. Láti 1895 ni dókítà Friedrich Jolly ti fi irú àyẹ̀wò yìí hàn ní Jámánì.

Ẹ kọ́kọ́ bi UNIOSUN Teaching Hospital níbí, lẹ́yìn náà ilé ìwòsàn OAUTHC ní Ifẹ̀ tàbí UCH ní Ìbàdàn. Ẹ pè kí ẹ tó wọ ọkọ̀, ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àti iye owó. Tí ìyá bá ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, tàbí tí wọ́n fi ẹ̀rọ sí wọn láyà nítorí ọkàn, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Ọmọ Aláfà Gbọ̀ngán Road
Ẹ̀gbọ́n mi já lórí ọ̀kadà, ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ jọwọrọ. Ọjọ́ karùn-ún ni wọ́n ti ní ká lọ ṣe EMG níbì kan. A sanwó, abẹ́rẹ́ ò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ ò gbé síbẹ̀. Dókítà mìíràn ló wá ṣàlàyé pé tí nẹ́ẹ̀fù bá já, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta kó tó hàn nínú ẹran ara. Inú bí mi gan-an. Ti ìyá yín yàtọ̀, kì í ṣe ìjàǹbá, àmọ́ ẹ máa bi wọ́n bóyá àsìkò ti tó.

Àbẹ̀kẹ́ Òkè-Fìà
Ẹ ṣé o, gbogbo yín. Mo ka ti Ìyá Ìbejì sí wọn létí, wọ́n ní tó bá jẹ́ gúgúrú ni, àwọn á lọ. Fisió, wọ́n ti fún wọn ní Mestinon, oògùn fún àìlera ara yìí. Ṣé kí wọ́n dá a dúró ṣáájú ọjọ́ náà?

Fisió Ọ̀ṣun
Oògùn yẹn lè bo àìsàn náà mọ́lẹ̀ lójú ẹ̀rọ, nítorí náà wọ́n máa ń ní kí aláìsàn fò ó fún wákàtí mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò gbọdọ̀ dá a dúró fúnra yín. Dókítà tó kọ ọ́ ló máa sọ ọ́. Bí oúnjẹ bá ń há wọn lọ́fun tàbí tí wọn ò lè mí dáadáa, ẹ má dúró de EMG. Ẹ gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru.