Hilux mi ń rùn bíi rọ́bà tó ń jóná, rẹwáyà ní kò sí nǹkan kan

Ọmọ Ìṣẹ́yìn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Hilux ni mo fi ń kó ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti gààrí láti Ìṣẹ́yìn wá sí Ìbàdàn, òru la sì máa ń gbéra ká lè bá ọjà àárọ̀. Iná tó bá ọkọ̀ wá kò mọ́lẹ̀ tó, màlúù á kàn yọ sí èèyàn láti inú igbó. Ni mo bá ní kí rẹwáyà fi iná tó mọ́lẹ̀ sí i. Owó gọbọi ló gbà, kò fún mi ní rìsíìtì. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe é, òun jókòó síbi tó ti ń jẹ ìrẹsì. Látìgbà náà ni nǹkan kan ti ń rùn bíi rọ́bà tó ń jóná. Mo pè é, ó ní iná tuntun ni, òórùn náà á lọ. Ìyàwó mi ní òun ò wọ ọkọ̀ náà mọ́. Ṣé kí n gba owó mi padà ni, àbí kí n fẹjọ́ rẹ̀ sun ẹgbẹ́ wọn? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Rẹwáyà Gate
Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ owó sílẹ̀ ná. Ẹ ò sọ irú iná tó fi sí i. Ṣé bọ́ọ̀bù nìkan ló pààrọ̀, àbí ó gbé iná gbọọrọ sórí ọkọ̀? Wáàtì mélòó? Ṣé rìlé wà níbẹ̀, ìyẹn súwíìṣì tó ń gbé iná ńlá nígbà tí súwíìṣì kékeré kàn ń pàṣẹ fún un? Fíyúùsì ámpù (ìwọ̀n iná tó ń gba inú wáyà) mélòó? Níbo gan-an ni òórùn ti ń jáde, abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì ni àbí abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù?

Ìyá Àdùkẹ́
Ọkọ̀ ń rùn, ẹ sì tún ń wà á lọ Ìṣẹ́yìn lóru. Ìyàwó yín ní làákàyè. Ẹ máa bínú nítorí rìsíìtì o.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn
Ẹ má bú mi, ma. Iṣẹ́ ni mo ń wá. Bọ́ọ̀bù iwájú ló pààrọ̀, ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n kọ 100/90 sí i. Iná gbọọrọ LED náà wà lórí ọkọ̀, 240W ni wọ́n kọ sí páálí rẹ̀. Ó ní kí n ra rìlé, mo ní kó fi í sílẹ̀, owó ti pọ̀ jù. Iná ṣáà ń tàn láìsí i.

Rẹwáyà Gate
Ẹ gbọ́. H4, bọ́ọ̀bù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó bá irú ọkọ̀ yẹn wá, 60/55 ni: wáàtì 60 fún iná gíga, 55 tí ẹ bá rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Ẹ pín 60 sí ọ̀nà 12, ìyẹn fólìtì bátìrì, ámpù 5 ni fún bọ́ọ̀bù kan, 10 fún méjèèjì. Ti 100 lé ní 8 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, méjèèjì sún mọ́ 17. Wáyà, súwíìṣì àti ihò bọ́ọ̀bù tí wọ́n ṣe fún 10 ló wá ń gbé 17. Ooru inú wáyà kì í sì í bá ámpù rìn ní ẹsẹ kan náà: bí ámpù bá di ìlọ́po méjì, ooru á di ìlọ́po mẹ́rin. Láti 10 sí 17, ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ihò bọ́ọ̀bù oníke yẹn ló máa ń kọ́kọ́ yọ́, kí ẹ tó gbọ́ òórùn kankan nínú ọkọ̀.

Iná gbọọrọ ńkọ́? 240 lórí 12, ámpù 20, bí páálí bá sọ òótọ́. Níwọ̀n bí kò ti sí rìlé, gbogbo 20 yẹn ń gba inú súwíìṣì kékeré kan kọjá lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù.

Awakọ̀ Ṣakí
Ẹ má dẹ́rù ba ọkùnrin yìí. LED kì í jẹ iná. Bọ́ọ̀bù 100 yẹn ni kó yọ, kó fi iná gbọọrọ sílẹ̀.

Ẹlẹ́tíríkà Àgbà
Wáàtì 240 kò ní orúkọ méjì, ì báà jẹ́ LED, ì báà jẹ́ bọ́ọ̀bù. LED ń fún yín ní ìmọ́lẹ̀ púpọ̀ lórí wáàtì kékeré, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ra wáàtì púpọ̀, ámpù púpọ̀ ló rà. Ooru rẹ̀ kì í sì í jáde síwájú, ẹ̀yìn ló ń gbà. Ìdí nìyẹn tí bọ́ọ̀bù LED fi ní fáànù kékeré nídìí. Bí rẹwáyà bá fi ìdérí iná dé fáànù náà pa, tàbí tí eruku bá dí i, ooru kò ní ibi tí yóò gbà lọ.

HID, bọ́ọ̀bù onígáàsì, ló tún burú jù lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Bọ́ọ̀bù wáàtì 35 ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá tó bá kọ́kọ́ tàn, ó ń fa ámpù ju ti ìgbà tó bá ti dúró lọ dáadáa. Àpótí rẹ̀ ń ju iná tó lé ní fólìtì 20,000 sínú bọ́ọ̀bù kó tó tàn. Ẹ má fọwọ́ kan wáyà rẹ̀ bí ó bá ń ṣiṣẹ́.

Tokunbo Boy
Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà ní ìbéèrè. LED ni mo fi ṣe tíráfíkétọ̀ Camry mi, ó wá ń ṣẹ́jú kíákíá. Wọ́n ní kí n fi rẹsísítọ̀ (ohun tó ń dí iná lọ́wọ́) sí i, èyí tó rí bíi góòlù. Ṣé kí n fi í sí i?

Ẹlẹ́tíríkà Àgbà
6 ohm, wáàtì 50 ni wọ́n sábà máa ń tà. Bí ẹ́ńjìnì bá ń ṣiṣẹ́, tí iná wà ní fólìtì 14, ó ń sọ nǹkan bíi wáàtì 33 di ooru. Ara irin ni kí ẹ fi bóòtù dè é mọ́. Wọ́n á fi téèpù alẹ̀ méjì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ike tàbí mọ́ ìdìpọ̀ wáyà, ibẹ̀ ni yóò ti jóná. Ẹ lè kúkú ra fíláṣà (ohun tó ń mú iná náà ṣẹ́jú) tí wọ́n ṣe fún LED, ẹ ò ní nílò rẹsísítọ̀ rárá. Ẹ jẹ́ ká padà sórí Hilux.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn
Ẹ ṣé, ọ̀gá. Fíyúùsì kò ní wàhálà. Ti iná iwájú, 15, ló ń já tẹ́lẹ̀, ó fi 30 sí i, kò já mọ́. Ti iná gbọọrọ, n ò mọ̀ bóyá ó fi sí i.

Rẹwáyà Gate
Háà! Kò já mọ́, ẹ sì ní kò ní wàhálà?

Wáyà ni fíyúùsì ń dáàbò bò, kì í ṣe iná. 15 aláwọ̀ búlúù yẹn ń já nítorí pé ámpù 17 ń gba inú rẹ̀ kọjá. Iṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe. 30 aláwọ̀ ewé tó wá rọ́pò rẹ̀ ń sọ fún wáyà pé kó máa gbóná títí dé ámpù 30. Kó tó já, rọ́bà ara wáyà ti yọ́, wáyà ti fara kan èkejì rẹ̀.

Ẹlẹ́tíríkà Àgbà
Ọ̀gá Gate sọ òótọ́, mo fẹ́ fi kún un. Ẹ má rò pé bí fíyúùsì bá ti pé, ó parí. Ibi tí wọ́n ti lọ́ wáyà méjì pọ̀ tí wọ́n fi téèpù dúdú wé, bí kò bá dì mọ́ra dáadáa, ó lè ní ìdíwọ́ 0.1 ohm. Ámpù 10 kọjá níbẹ̀, wáàtì 10 ló di ooru lójú kan tí kò tó ẹ̀pà. Ámpù kò lé, fíyúùsì ò lè mọ̀. Ó lè máa jó báyẹn títí téèpù á fi gbiná. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí wọ́n fi ojú ìdè tẹ̀ ẹ́ tàbí kí wọ́n fi léèdì jó o, kí wọ́n wá fi rọ́bà tó ń sún kì wọ̀ ọ́.

Ìyá Àdùkẹ́
Ẹ sọ fún un kó gbé ọkọ̀ síta kó má fi dáná sunlé.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn
Mo ti ń gbé e síta, ma. Abẹ́ fèrèsé ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀, kí n lè máa ṣọ́ ọ. Òórùn yẹn gan-an, kì í ṣe ìgbà tí mo bá ń wà á ló ń ṣe é. Òwúrọ̀ ni, tí mo bá ṣílẹ̀kùn, kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i. Ibi tí mo ń gbẹ́sẹ̀ lé máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo rò pé oòrùn ni.

Rẹwáyà Gate
Oòrùn wo ní òwúrọ̀? Ọ̀gbẹ́ni, ẹ jáde síta báyìí. Ẹ gbé jẹnẹrétọ̀ àti kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kúrò níbẹ̀ ná. Ẹ mú sípánà 10, ẹ tú ẹnu bátìrì, nẹ́gẹ́tíìfù ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti pọ́sítíìfù tí sípánà fara kan ara ọkọ̀, iná ńlá ló máa bù yọ lọ́wọ́ yín. Ẹ ti wáyà náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má padà kan bátìrì. Iná ń kọjá níbì kan láìsí kọ́kọ́rọ́. Tààrà láti bátìrì ló ti ń bọ̀, kò sì sí fíyúùsì tó máa dá a dúró.

Awakọ̀ Ṣakí
Mo gba ọ̀rọ̀ mi padà lórí LED. Ẹ tú u!

Ọmọ Ìṣẹ́yìn
Mo ti tú u. Ṣùgbọ́n àlàámù ti pa, rédíò á sì gbàgbé gbogbo ìkànnì tí mo tọ́jú.

Ìyá Àdùkẹ́
Rédíò!

Ẹlẹ́tíríkà Àgbà
Ẹ ṣe dáadáa. Nísinsìnyí, kí ẹ tó dá a padà, ẹ wá bọ́ọ̀bù iná ẹ̀yìn wáàtì 21 kan àti wáyà kékeré méjì. Ẹ fi bọ́ọ̀bù náà sáàárín ẹnu nẹ́gẹ́tíìfù bátìrì àti wáyà nẹ́gẹ́tíìfù tí ẹ yọ. Kọ́kọ́rọ́ ò gbọdọ̀ sí nínú ọkọ̀, kí gbogbo ilẹ̀kùn wà ní títì. Bọ́ọ̀bù yẹn kò ní jẹ́ kí ámpù tó ju 2 kọjá, nítorí náà kò sí ewu. Bí ó bá tàn rokoṣo, iná ń jò lọ níbì kan, ìjò ńlá ni. Ẹ wá máa yọ wáyà tí wọ́n fi kún un lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu pọ́sítíìfù. Èyí tó bá pa á ni ọ̀daràn náà. Ẹ má kọ́kọ́ lo mítà, torí ìjò tó bá ju ámpù 10 lọ á jó fíyúùsì inú rẹ̀. Lẹ́yìn tí ìjò bá ti kúrò, mítà lè wá wọ̀n ìyókù: ọkọ̀ tó ń sùn kò yẹ kó ju ámpù 0.05 lọ.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn
Mo pe mẹkáníìkì àdúgbò wa, a ṣe é. Ó tàn rokoṣo. A yọ wáyà iná gbọọrọ lẹ́nu bátìrì, ó pa. A tọ wáyà náà lọ. Ihò ni ọmọ yẹn lu sí irin tó pín ẹ́ńjìnì sí ibi ìjókòó, ó ki wáyà bọ ibẹ̀ láìfi rọ́bà sí i. Ara wáyà ti ya, rọ́bà rẹ̀ ti dúdú, ó yọ́ dé ibi tó tó àtẹ́lẹwọ́. Fọ́nrán mélòó kan fara kan irin. Kò sí fíyúùsì kankan. Wáyà náà rí bíi ti sípíkà.

Rẹwáyà Gate
Ó lè jẹ́ ti sípíkà gan-an. Ẹ fi ọ̀bẹ họ fọ́nrán kan: bí inú rẹ̀ bá funfun, alùmíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ni, kò lè gbé iná bíi kọ́pà gidi. Fọ́nrán mélòó kan ló ń gbóná báyẹn. Bí gbogbo wáyà bá ti kan irin pọ̀, ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ló kù kó gbiná.

Ẹ yọ gbogbo rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní tuntun. Bọ́ọ̀bù iwájú, ẹ padà sí 60/55, ẹ dá fíyúùsì 15 padà, kí ẹ wo ihò bọ́ọ̀bù bóyá ó ti yọ́. Bí ó bá ti yọ́, ẹ ra èyí tí wọ́n fi sẹ̀ráníkì ṣe. Ti iná gbọọrọ: láti pọ́sítíìfù bátìrì lọ sí fíyúùsì tí kò jìnnà ju ìbú ọwọ́ kan lọ, lọ sí ẹsẹ̀ tí wọ́n kọ 30 sí lára rìlé. Ẹsẹ̀ 87 lọ sí iná. 86 gba iná láti súwíìṣì, wáyà tín-ín-rín tó fún un, torí okùn inú rìlé kì í fà tó ámpù kan. 85 lọ sí ara irin tí ẹ ti họ ọ̀dà kúrò lára rẹ̀. Òrùka rọ́bà ní gbogbo ihò tí wáyà bá gbà.

Awakọ̀ Ṣakí
Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kó mú 86 láti ara iná gíga, kí iná gbọọrọ máa kú tí ó bá rẹ iná sílẹ̀ fún ẹni tó ń bọ̀. Ìmọ́lẹ̀ yẹn ń fọ́ wa lójú lọ́nà.

Ẹlẹ́tíríkà Àgbà
Ìmọ̀ràn rere, ṣùgbọ́n kó ṣọ́ra. Àwọn Toyota kan wà tó jẹ́ pé áàtì (wáyà tó lọ sí ara irin ọkọ̀) ni súwíìṣì wọn ń tàn, tó ń pa, Hilux àtijọ́ wà lára wọn. Bí 85 bá lọ sí ara irin, rìlé ò ní ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ yọ ihò bọ́ọ̀bù ọ̀tún àti ti òsì, ẹ tan iná iwájú, ẹ fi ẹnu dúdú mítà kan ara ọkọ̀, ẹ fi pupa kan ẹsẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí ẹsẹ̀ kan bá dúró sí fólìtì 12 yálà ẹ gbé iná sókè tàbí ẹ rẹ̀ ẹ́, irú yẹn ni. Ẹsẹ̀ yẹn ló máa lọ sí 86, ẹsẹ̀ iná gíga ló máa lọ sí 85.

Rẹwáyà Gate
Irú mìíràn ni mo sọ, ọ̀gá. Ṣùgbọ́n ó yẹ kó wọ̀n ọ́n, mo gbà.

Ọmọ Ìṣẹ́yìn
Ọlọ́run á san án fún yín. Ẹni tó máa tún un ṣe ní wáyà 4 (mílímítà onígun mẹ́rin) tí òun fẹ́ lò ti tán lọ́jà, 2.5 ló wà. Ṣé ó máa ṣe é? Ṣé mo sì lè gba owó mi lọ́wọ́ ti àkọ́kọ́?

Rẹwáyà Gate
Ẹ kọ́kọ́ wọ̀n ohun tí iná náà ń fà gan-an. Mítà tó ń gbá wáyà mú ni kí ẹ yá, kí ó jẹ́ èyí tó ń ka DC, irú iná bátìrì, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú kì í kà á. Bí ó bá fà tó ámpù 12 tàbí kó dín, wáyà 2.5 kọ́pà gidi tó, pẹ̀lú fíyúùsì 15. Bí ó bá sún mọ́ 20, ẹ dúró de 4, fíyúùsì 25. Tí wọ́n bá parí, ẹ tan án, ẹ fi mítà kan pọ́sítíìfù bátìrì àti pọ́sítíìfù iná gbọọrọ: kò gbọ́dọ̀ ju fólìtì 0.5 lọ. Bí ó bá jù bẹ́ẹ̀ lọ, ojú ìdè kan kò dì.

Ní ti owó, ẹ ya fọ́tò wáyà tó jóná náà níbi tó wà kí wọ́n tó fà á yọ, ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sínú ọ̀rá. Ṣùgbọ́n rìlé tí ẹ ní kó fi sílẹ̀, rẹwáyà yẹn máa bi yín nípa rẹ̀.

Ìyá Àdùkẹ́
Kó ra agolo pupa tí wọ́n fi ń paná náà, oníyẹ̀fun, kílò kan ó kéré jù. Àwọn Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ṣáà ń bèèrè rẹ̀. Bí èéfín bá yọ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, kó má ṣí i gbayawu, atẹ́gùn á gbé iná náà sókè. Kó fa okùn bọ́nẹ́ẹ̀tì kó là díẹ̀, kó fọ́n ọn wọlé láti ibẹ̀. Kó má gbé agolo náà pamọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ sábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ o.