Èsì: “Ẹ̀kọ́ ìsìn àkànṣe” tàbí “ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ àjùmọ̀kọ́”?

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ kú ìjíròrò.

Orúkọ là ń wá fún ẹ̀kọ́ tí ọmọ adití, ọmọ afọ́jú àti ọmọ tí òye rẹ̀ kì í tètè ṣí yóò jọ máa kọ́ pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn nílé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. “Ẹ̀kọ́ ìsìn àkànṣe” tí àwọn kan dábàá nínú ìjíròrò yìí kò tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tí a yà sọ́tọ̀ là ń pè ní àkànṣe. Bí olùkọ́ bá rí i lára ìwé, yàrá ẹ̀yìn ni yóò kó àwọn ọmọ náà lọ. “Ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ àjùmọ̀kọ́” ni tèmi.

Ẹ̀gbọ́n wa kan ní “ìgbàgbọ́” pàápàá ti ilẹ̀kùn mọ́ adití, torí “gbọ́” wà nínú rẹ̀, àti pé Róòmù 10:17 ní nípa gbígbọ́ ni ó ti ń wá. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń fi etí gbọ́ òórùn? Ta ló ń fi í gbọ́ bùkátà? Adití méjì tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀ ń gbọ́ra wọn yé dáadáa.

Olùkọ́ tó kọjú sí pátákó tó ń sọ̀rọ̀ ló ń ti ilẹ̀kùn, àti ògbufọ̀ èdè ọwọ́ tó fẹ̀yìn sí fèrèsé títí ojú rẹ̀ fi ṣókùnkùn. Kí ògbufọ̀ dúró ti olùkọ́, kí ìmọ́lẹ̀ bọ́ sójú àti ọwọ́ rẹ̀. Kí ó sì ti rí ẹ̀kọ́ náà ṣáájú: èdè ọwọ́ tí wọ́n ń lò nílé ìwé adití ní Nàìjíríà, ara ti Amẹ́ríkà ló ti wá, kì í ṣe ara Yorùbá, nípasẹ̀ Andrew Foster, míṣọ́nnárì adití tó dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ n’Ìbàdàn ní 1960. Bí “Ọ̀dọ́-Àgùntàn Ọlọ́run” bá já lù ú lójijì, ọwọ́ rẹ̀ á dúró.

“Àkọ́sórí” tí a ń pe ẹsẹ Bíbélì tí àwọn ọmọ ń kọ́ gan-an ló yẹ ká bá jà. Ó jẹ́ kí olùkọ́ rò pé ẹni tó bá lè kà á jáde lẹ́nu nìkan ló mọ̀ ọ́n. Ẹ pín ẹsẹ náà sí mẹ́ta, ẹ ya àwòrán kan fún ìpín kọ̀ọ̀kan, kí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ tò wọ́n. Ti afọ́jú, kí ó wà ní bíréèlì, ìwé tí a ń fọwọ́ kà. Ẹ má kó ìwé orin lé bíréèlì náà lórí o, àwọn tóótòòtó tó yọ lára rẹ̀ á tẹ́.

“Ìdàgbàsókè ìgbàgbọ́” tí wọ́n tún dábàá ń rùn bí ọ̀rọ̀ títì àti afárá. “Dídàgbà nínú ìgbàgbọ́” ti wà lẹ́nu ìjọ tipẹ́.

Àwọn kan á ní “àjùmọ̀kọ́” gùn, kí ló dé tí kì í ṣe “àjọkọ́”? Lórí pátákó ṣọ́ọ̀ṣì tí kò ní àmì ohùn àti àmì abẹ́ lẹ́tà, “ajókòó” ni wọn máa kà á sí.