Ẹ wá sọ ìrírí yín: ta ló ti kọ̀wé rí sí àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré pé kí wọ́n ṣe irú èyí tá à ń wọ̀ lóde òní?

Ọmọ Tákíé:

Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ lọ́kàn mi, mo ní kí n gbé e síta lónìí kí n lè gbọ́ tẹnu yín náà. Fóònù àti rédíò ni mò ń tún ṣe ní Tákíé níbí, Ògbómọ̀ṣọ́, àmọ́ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́ tí oníbàárà ò wá mọ́, rélùwéè kékeré ni mo máa ń tò sórí tábìlì, irú èyí tó ń fi iná rìn lórí irin tiẹ̀, tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ò ju ohun téèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé.

Ẹ mọ̀ pé rélùwéè ò gba ìlú wa kọjá. Láti Ìbàdàn ó gba Ọ̀ṣogbo, ó gba Ìkìrun, ó gba Ọ̀fà, ó dé Ìlọrin, àwa wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bàbá bàbá mi tó ń ná ọjà Kánò, Ìlọrin ni wọ́n ti máa ń lọ wọ̀ ọ́, wọ́n á sùn sínú ẹ̀, wọ́n á jí sínú ẹ̀, ìtàn tí wọ́n máa ń sọ fún wa lálẹ́ nìyẹn, òun ló jẹ́ kí èmi àtàwọn ọmọ ilé wa máa so agolo sàdíìnì mọ́ra wọn, ká gé sílípáàsì tó ti já ṣe ẹsẹ̀ ẹ̀, ká so okùn mọ́ ọn nímú ká máa wọ́ ọ lọ wọ́ ọ bọ̀ nínú agbo ilé. Nígbà tí mo dàgbà, àǹtí mi kan tó wà ní Amẹ́ríkà fi ojúlówó ránṣẹ́ sí mi, ẹ́ńjìnnì elédùú kan pẹ̀lú kóòṣì mẹ́ta, èyí tí wọ́n ń pè ní HO, ìyẹn ni pé wọ́n pín rélùwéè gidi sí ọ̀nà 87, wọ́n mú ìdá kan. Inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn débi pé mi ò sùn.

Ọjọ́ 10 oṣù kẹfà 2021 ni wọ́n ṣí rélùwéè Èkó sí Ìbàdàn, kìlómítà 157. Kò pẹ́ sígbà yẹn tí mo fi wọ mọ́tò gba Ọ̀yọ́ lọ sí Mọníyà, mo wọ̀ ọ́ dé Abẹ́òkúta. Ìyá kan jókòó kọjú sí mi, wọ́n gbé ife omi sórí tábìlì, ojú mi ò kúrò lára ife yẹn, omi inú ẹ̀ kàn ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ni, kò dà. Mo padà délé, mo tan ti orí tábìlì mi, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi wá dúró wò ó títí, ó ní "Ọ̀gá, ti wa dà níbẹ̀?" Mi ò rí nkan sọ fún un. Gbogbo èyí tó wà nínú ìwé ọjà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí mi, bí kò bá jẹ́ elédùú ayé àwọn bàbá ńlá òyìnbó, á jẹ́ ti òde òní ìlú tiwọn. Ọmọ tó ń dàgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́ náà yẹ kó lè di èyí tó fojú ara ẹ̀ rí ní Mọníyà mú lọ́wọ́. Ohun tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé nìyẹn.

Lẹ́tà mi àkọ́kọ́, ẹ̀bẹ̀ ló kún inú ẹ̀, ó gùn bí ọ̀nà Kánò, ẹ dákun ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣàánú wa. Iléeṣẹ́ mẹ́rin ni mo fi ránṣẹ́ sí. Mẹ́ta ò dáhùn. Ìkẹrin ní àwọn dúpẹ́, àmọ́ ọjà ibẹ̀ kéré, àwọn ò ní in lọ́kàn. Ó dùn mí gan, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fọwọ́ kan tábìlì yẹn.

Ohun tó wá là mí lójú ni ọjọ́ tí mo jókòó ti kakuléétọ̀. Rélùwéè àtijọ́ tó gba Ọ̀fà kọjá, àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mílímítà 1067, tẹ́ ẹ bá pín in sí 87 á jẹ́ 12 àti díẹ̀, kò lè bá irin HO mu láé. Ṣùgbọ́n ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun yìí, mílímítà 1435 ni, ẹ pín in sí 87, 16.5 ló máa jáde, irin HO gan-an nìyẹn! Mo fò sókè nínú ṣọ́ọ̀bù. Ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé ẹni tó wà ní Jámánì tàbí Amẹ́ríkà lè ra rélùwéè tiwa kó gbé e sórí irin tó ti wà nílé ẹ̀ tẹ́lẹ̀ kó máa rìn, kò ní ra nkan kan kún un. Nígbà náà ọjà ọ̀hún kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan mọ́. Mi ò sì sọ gbolóhùn kan nípa ìyẹn nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, ẹkún ni mò ń sun.

Mo bá mú tépù ìyàwó mi tó ń ránṣọ, mo padà sí Mọníyà. Síkúríìtì dá mi dúró, ó ní kí ni mo fẹ́ wọ̀n, mo ṣí fóònù, mo fi àwòrán tábìlì mi hàn án, ó mú mi lọ bá ọ̀gá ẹ̀, ọ̀gá ní kí n má sọ̀ kalẹ̀ sójú irin, pé kí n wọn èyí tí ọwọ́ mi bá tó láti ibi tí èrò ń dúró sí. Bí mo ṣe wọn fífẹ̀ ilẹ̀kùn nìyẹn, mo wọn fèrèsé, mo wọn àlàfo láàárín fèrèsé kan sí ìkejì, síkúríìtì yẹn gan-an ló ń bá mi di etí tépù kejì mú. Ẹ̀yìn ìwé eré ọmọ mi ni mo kọ gbogbo ẹ̀ sí.

Lẹ́tà kejì ò ju ojú ìwé kan lọ. Mo fi ìwọ̀n sí i, mo fi fọ́tò mẹ́fà sí i, mo sọ pé CRRC ti Ṣáínà ló ṣe kóòṣì wọ̀nyí, pé àwọn tó ń ṣe rélùwéè kékeré sì ti ń ṣe ti Ṣáínà ní HO ó ti pẹ́, kí wọ́n wò ó bóyá nkan kan wà nílẹ̀ tó jọ ọ́ tó jẹ́ ọ̀dà lásán ló máa yí padà. Mo kọ orúkọ èèyàn 43 sábẹ́ ẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, àtàwọn ọmọ wa lókè òkun, olúkúlùkù pẹ̀lú iye kóòṣì tó máa rà. Ọjọ́ kọkànlá, èsì dé. Wọn ò ní bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ìbéèrè mẹ́ta ni wọ́n bi mí: ta ló ni àṣẹ lórí àmì àti ọ̀dà ara ọkọ̀ náà, ṣé àwọn 43 yẹn lè san díẹ̀ sílẹ̀, àti pé ṣé mo ní ìwọ̀n abẹ́ ẹ̀, níbi tí ẹsẹ̀ irin wà. Ẹni tó ń béèrè ìwọ̀n ẹsẹ̀ lọ́wọ́ télọ̀, ṣebí ó ti ń ro aṣọ ná.

Ibi tí mo dé nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́, kí ni ojú yín rí?

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ní Jámánì:

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìtara. Ibi tí mò ń gbé ò jìnnà sí Göppingen, ìlú tí Märklin, iléeṣẹ́ tó ń ṣe rélùwéè kékeré, wà, wọ́n ti wà níbẹ̀ láti 1859, ẹ rò ó wò, kí rélùwéè tó dé ilẹ̀ Yorùbá rárá ni. Bàbá kan wà ládùúgbò mi tó ń ta rélùwéè kékeré, mo lọ bá a jókòó lọ́jọ́ Sátidé kan, mo béèrè ìdí tí wọn ò fi fẹ́ràn láti ṣe tuntun. Ó mú kóòṣì kan, ó dojú ẹ̀ délẹ̀, ó ní kí n wo bí àwọn ìlà inú ẹ̀ ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Ó ní irin ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbẹ́, irin náà ni wọ́n á wá fi máa tẹ ike. Bíi mọ́ọ̀dù àwọn tó ń yọ búlọ́ọ̀kù lọ́nà Ìlọrin lẹ rò ó sí, àmọ́ èyí, owó tó ń jẹ kí ike kan ṣoṣo tó jáde tó ra mọ́tò, nítorí náà ó di dandan kí wọ́n rí ẹgbẹẹgbẹ̀rún tà lára ẹ̀ kí wọ́n tó rí owó wọn padà.

Ó ní elédùú ń tà torí pé àwọn àgbàlagbà tó wọ̀ ọ́ lọ́mọdé ló lówó lọ́wọ́ láti rà á. Tuntun wá ní ìṣòro tiẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹ̀ jẹ́ odindi, orí àti ìrù kò ṣeé yà, ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ ra gbogbo ẹ̀ pọ̀, ó sì lè jẹ́ iléeṣẹ́ kan ṣoṣo ló ń lò ó láyé, àwọ̀ kan ṣoṣo. Ó wá mú ẹ́ńjìnnì Vectron ti Siemens hàn mí, ó ní ẹ wo èyí, òde òní ni, gbogbo wọn ló ń ṣe é, Märklin, Roco, Piko, torí pé onírúurú iléeṣẹ́ nílẹ̀ Yúróòpù ló ń lò ó, mọ́ọ̀dù kan náà, àwọ̀ lóríṣiríṣi. Nígbà tí mo ka ti ọ̀dà tí ẹ kọ yẹn, ẹ̀gbọ́n, mo ní háà, ojú ibẹ̀ gan-an lẹ ti lù ú.

Ti owó ìdásílẹ̀ tí wọ́n béèrè yẹn, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀. Rélùwéè Pendolino ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó kéré ju HO lọ, tí wọ́n ń pè ní N, Revolution Trains ló ṣe é, owó tí àwọn tó fẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá jọ ni wọ́n fi ṣe é. Àgbájọ ọwọ́ ni. Ẹ fi orúkọ mi kún 43 yẹn, kóòṣì mẹ́rin.

Ìyá Ìbejì Akẹ̀sán:

Ẹ kúulé o. Ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọdún mọ́kànlá ni tèmi. Ó lọ lo họ́lídé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi l'Ékòó, wọ́n gbé e wọ rélùwéè Red Line láti Agbado sí Oyíngbo, láti ọjọ́ tó ti dé sí Ọ̀yọ́ kò sí ọ̀rọ̀ méjì lẹ́nu ẹ̀. Ó ní "Mọ́mì, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò sí lábẹ́ kóòṣì, àárín kóòṣì méjì ló wà!" Mo rò pé ó ń ṣeré ni, àfìgbà tí bàbá ẹ̀ wá a lórí fóònù, òótọ́ ni ọmọ sọ, Talgo ni wọ́n ń pè é, ará Sípéènì ló ṣe é, ìpínlẹ̀ Wisconsin l'Amẹ́ríkà ló kọ́kọ́ wà fún, wọn ò lò ó, ìjọba Èkó wá rà á ní 2022.

Ìdílé ọkọ mi, igbá ni wọ́n ń fín, wọ́n sì ń gbẹ́ igi. Bàbá àgbà bá a gé igi ọmọ̀, wọ́n gbẹ́ kóòṣì mẹ́ta, ọmọ fúnra ẹ̀ ló fi rúlà wọ̀n ọ́n, torí kóòṣì Talgo kúrú, bíi mítà 13 péré, ó ní tí òun bá pín in sí 87 ìdajì rúlà ni. Bàbá àgbà fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń fín igbá fa ilà fèrèsé sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó kúrú tó bẹ́ẹ̀ tó lè yí kóńà lórí tábìlì kékeré láìkọlu nkan kan, ìyẹn ni ọmọ kọ sínú lẹ́tà tó fi ránṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan tó ti ṣe Talgo àtijọ́ rí, pé "ẹ ṣe ti Èkó náà fún wa, pálọ̀ wa kéré, èyí á gbà á".

Oṣù mẹ́ta rèé, wọn ò tíì fèsì. Tó bá ti ti ilé ìwé dé, kó tó bọ́ yúnífọ́ọ̀mù, fóònù mi ló máa kọ́kọ́ béèrè. Mi ò mọ ohun tí màá máa sọ fún un mọ́.

Ẹlẹ́rọ LAUTECH:

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, tèmi ò gùn. Rélùwéè Blue Line ti Èkó ni mo ṣe, èyí tó ń lọ láti Mile 2 sí Marina, mo yà á sórí kọ̀ǹpútà, a tẹ̀ ẹ́ lórí 3D printer ọ̀rẹ́ mi. Ó ti tẹ̀ ẹ́ fún wákàtí méje, wọ́n mú iná lọ, ike yẹn dúró ní ìlàjì fèrèsé. A tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kó tó pé. Ìdí tí mo fi yan Blue Line ni pé irin kẹta tó wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ló ti ń gba iná, kò sí wáyà lókè, kò sí apá tín-tìn-tín lórí òrùlé tó lè dá, ó rọrùn fún ẹni tó fẹ́ ṣe mọ́ọ̀dù ẹ̀. Tèmi ò ní mọ́tò nínú, ara lásán ni, kò lè rìn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá fún mi ní ìwọ̀n Mọníyà yẹn, mo lè ya kóòṣì náà sórí kọ̀ǹpútà láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ká fi fáìlì ẹ̀ ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà, kí wọ́n má bẹ̀rẹ̀ láti òfo.

Ọmọ Tákíé:

Àbúrò, Ọlọ́run á bùkún ẹ, wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́la, ìwé eré yẹn wà níbẹ̀. Ará Jámánì, mo ti kọ mẹ́rin síwájú orúkọ yín. Ìwọ̀n abẹ́ kóòṣì ló kù, mo ti kọ̀wé sí ọ̀gá ibùdókọ̀ ní Mọníyà pé kí wọ́n gbà mí láyè lọ́jọ́ tí ọkọ̀ bá dúró fún àtúnṣe.

Ìyá Ìbejì, ẹ sọ fún ọmọ yẹn pé mo ní kó má gbàgbé iye. Lẹ́tà ẹ̀ dára ju tèmi àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ kò sọ iye èèyàn tó máa rà. Ẹ jẹ́ kó tún un kọ, kó fi ìdajì rúlà yẹn síwájú pátá, kó fi fọ́tò èyí tí bàbá àgbà gbẹ́ sí i níbi tí ọwọ́ wọn àti ọ̀bẹ ti hàn. Èmi fẹ́ odindi kan, ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní òun náà fẹ́. Ẹ̀yin yòókù tẹ́ ẹ bá fẹ́ ti Èkó yẹn, ẹ kọ orúkọ ìlú yín àti iye tẹ́ ẹ máa rà sábẹ́ ibí, kó rí i kà tó bá ti ilé ìwé dé.