Abo eku ló fẹ́ràn ọtí ju akọ lọ, àbí ìṣirò mi ló wọ́?

Ọmọ Ọ̀yẹ́mẹkùn: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́. Akúrẹ́ níbí ni mo ti ń ṣe àyẹ̀wò ìgò méjì: omi nínú ọ̀kan, ọtí 10% nínú èkejì. Eku funfun Swiss ni, akọ 6, abo 6, kálukú nínú kéèjì tirẹ̀. Ó di ọjọ́ 8 lónìí. Abo tó wọ̀n gíráàmù 20 àti akọ tó wọ̀n 26 jọ ń mu bíi mílílítà 3 ọtí lóòjọ́, síbẹ̀ tí mo bá ṣírò rẹ̀ fún kílò ara, abo ló ń borí. Ṣé mo lè kọ ọ́ pé àbùdá ló fà á? Apá ọ̀tún ni ìgò ọtí wà láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ekìmọ̀gún: Ìṣirò yín kò wọ́. 3 × 0.1 × 0.789 (ìwọ̀n gíráàmù tó wà nínú mílílítà 1 ọtí gidi) jẹ́ gíráàmù 0.237 ọtí gidi. Ẹ pín in fún kílò 0.020 ti abo, ó di gíráàmù 11.8 fún kílò ara; ẹ pín in fún 0.026 ti akọ, ó di 9.1. Ọtí kan náà ni, ara ló yàtọ̀. Ẹ tún wo omi tí wọ́n mu. Bí abo bá mu omi mílílítà 1, tí akọ mu 3, abo yan ọtí ní 75%, akọ ní 50%. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Lára C57BL/6J, ìran eku lábù kan, abo a máa mu ju akọ lọ ní ìwọ̀n kílò ara, nítorí náà ohun tí ẹ rí kì í ṣe àjèjì.

Àǹtí Lábù: Ìgò tó jókòó sápá ọ̀tún yẹn ló ń dà mí láàmú! Eku a máa ní apá tó yàn láàyò, omi ni o, ọtí ni o. Ẹ máa pààrọ̀ ààyè ìgò lójoojúmọ́. Ẹ gbé irú ìgò méjì bẹ́ẹ̀ sínú kéèjì òfìfo, kí ẹ yọ ohun tó kán tàbí tó gbẹ níbẹ̀ kúrò nínú tàwọn tó kù. Ọtí yára gbẹ, pàápàá lásìkò ọyẹ́. Wíwọ̀n ìgò lórí òṣùwọ̀n dára ju kíka àmì ara rẹ̀ lọ. 3% ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà 6%, kó tó kan 10%, ọjọ́ 4 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Tí ọtí yín bá jẹ́ 96%, ẹ wọn mílílítà 104, kí ẹ fi omi gbé e dé lítà 1. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe ogógóró o, a ò mọ agbára rẹ̀. Sípíríìtì aláwọ̀ ọ̀hún náà kọ́, májèlé wà nínú rẹ̀.

Bàbá Eku: Ọ̀rọ̀ àbùdá ńkọ́? Swiss kì í ṣe ìran kan tí ara wọn dọ́gba, kálukú ló ní àbùdá tirẹ̀. Ẹ ò lè fi wọ́n sọ pé àbùdá báyìí ló fà á. Ìran tí wọ́n ti ń bí láàárín ara wọn ni ẹ nílò. Ní 1959, àwọn olùwádìí McClearn àti Rodgers fi hàn pé ọtí wu C57BL, ṣùgbọ́n DBA/2, ìran mìíràn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ fọwọ́ kàn án. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra: tí wọ́n bá gún DBA/2 lábẹ́rẹ́ ọtí, ó máa ń padà lọ síbi tí wọ́n ti gún un. Ọtí wu ara rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ló kọ̀ ọ́. Ẹ sì kọ J tàbí N tó wà lẹ́yìn orúkọ, àmì ẹ̀ka ìran ni: C57BL/6J ń mu ju C57BL/6N lọ.

Ọmọ Ọ̀yẹ́mẹkùn: Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀yin àgbà. Iná tó ń wá tó ń lọ ńkọ́?

Àǹtí Lábù: Òru ni wọ́n ń mu. Gílóòbù tó ṣàdédé tàn láago méjì òru á ba ti ọjọ́ náà jẹ́. Ẹ yọ ọ́ lára iná NEPA, kí ẹ so ó mọ́ bátìrì àti aago: wákàtí 12 ìmọ́lẹ̀, 12 òkùnkùn.

Ọmọ Ọ̀yẹ́mẹkùn: Ṣé kí n bá àwọn eku yìí lọ?

Ọmọ Ekìmọ̀gún: Rárá. Ọtí ti mọ́ wọn lẹ́nu. Eku tuntun ni.