Sáńbálátì wà nínú fóònù mi

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìfaradà. Ẹ ní kí kálukú sọ ohun tó ń fa ọkàn rẹ̀ kúrò lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Tèmi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tó ń tini lójú láti sọ. Iṣẹ́ Olúwa ló fẹ́rẹ̀ẹ́ gba Olúwa lọ́wọ́ mi.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ obìnrin ni mí nínú ìjọ wa, orí fóònù ni mo sì ti ń ka Bíbélì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, aago márùn-ún kọjá díẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo ṣí Sáàmù 119. Mo ti pinnu pé màá ka gbogbo ẹsẹ 176 náà tán lórí ìkúnlẹ̀. Mo dé ẹsẹ kẹsàn-án ni àtẹ̀jíṣẹ́ yọ lókè ojú fóònù: wọ́n ń béèrè orin tí a máa kọ lọ́jọ́ Àìkú. Mo ní kí n yára dá wọn lóhùn. Ẹlòmíì tún béèrè ti ìpàdé, mo dáhùn. Ẹnìkan fi fídíò ránṣẹ́, mo wò ó. Ìwàásù ni o, lórí àdúrà! Nígbà tí màá fi gbójú sókè, ilẹ̀ ti mọ́ kedere, ẹsẹ̀ mi ti kú tipiri, mo ṣì wà lórí ẹsẹ kẹsàn-án. Mo kàn fi ara mi rẹ́rìn-ín ni.

Lọ́sẹ̀ yẹn náà la ka Nehemáyà orí kẹfà nínú ẹ̀kọ́ Bíbélì. Nehemáyà ń mọ odi Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ nígbà náà. Sáńbálátì àti Géṣémù, àwọn ọ̀tá tó fẹ́ dá iṣẹ́ náà dúró, ránṣẹ́ sí i pé kó wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Ónò kí àwọn jọ ríra. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n ránṣẹ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin náà ló fún wọn lésì kan náà: iṣẹ́ ńlá lòun ń ṣe, òun ò lè sọ̀ kalẹ̀ wá. Ibẹ̀ ló mú mi. Kò wá èsì tuntun! Èmi ní tèmi, bí fóònù bá ti dún, àwíjàre tuntun ni mò ń wá. Ọjọ́ 52 ni òun fi parí odi. Èmi ò lè parí Sáàmù kan.

Mo gbọn eruku kúrò lára Bíbélì oníwèé mi, mo wá ń fi fóònù sílẹ̀ sí yàrá kejì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ le. Ọwọ́ mi á máa wá a kiri lórí ibùsùn bí ẹni tó sọ òrùka nù. Mo sọ fún ẹgbẹ́ pé n kò ní máa dáhùn kí aago méje tó lù. Ẹnìkan ní mo ti ń gbéra ga. Kò burú.

Arákùnrin Kan:
Ẹ ṣeun, màmá. Tèmi fẹ́ yàtọ̀ sí tiyín. Oṣù mẹ́rin gbáko, bí mo bá ti dijú láti gbàdúrà, ojú ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ni mò ń rí. Ọ̀rọ̀ ogún ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Mo bá èṣù wí títí ohùn mi fi há. Mo gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ojú ẹ̀gbọ́n mi ò kúrò níbẹ̀.

Ìgbà tí mo ka Mátíù 5:23-24 ni ara mi bù máṣọ. Jésù ní bí o bá rántí níbi pẹpẹ pé arákùnrin rẹ ní ohun kan sí ọ, fi ọrẹ rẹ sílẹ̀ níbẹ̀, kọ́kọ́ lọ bá a rẹ́. Ta ló wá ń rán mi létí látọjọ́ yìí, tí mò ń lé dànù?

Mo pè é lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó gbé e, kò sọ̀rọ̀. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú." Mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Nígbà tó yá, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ohun tó máa ń bi mí nìyẹn nígbà tá a wà ní kékeré. A ò tíì yanjú ọ̀rọ̀ ogún yẹn o, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n mo ti ń rí àdúrà gbà.

Bàbá Àgbà:
Ẹ̀yin ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Kò sí fóònù nínú aṣálẹ̀ Íjíbítì nígbà tí Evagrius, tó kú ní ọdún 399, ń gbé ibẹ̀ láàárín àwọn tó ya ara wọn sọ́tọ̀ fún àdúrà. Síbẹ̀ ó sọ bí ẹni tó jókòó nínú yàrá rẹ̀ ṣe ń yọjú lójú fèrèsé, tó ń wo oòrùn bóyá àsìkò oúnjẹ ti súnmọ́, tí ojúmọ́ kan gùn lójú rẹ̀ tó wákàtí 50. Nígbà tí mo gbọ́, mo ní, èmi rèé. Ẹni ọdún 71 ni mí. Àwọn ọmọ ti lọ, ilé pa rọ́rọ́, ọkàn mi ṣì ń rìn kiri.

Cassian, tóun náà gbé lọ́dọ̀ wọn, ní kéèyàn máa fi ìbẹ̀rẹ̀ Sáàmù 70 ké pe Ọlọ́run lemọ́lemọ́. Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Bí ọkàn mi bá ti ṣáko, n kì í bá a jà mọ́. Màá ní, "Olúwa, yára ràn mí lọ́wọ́," màá sì padà síbi tí mo bá àdúrà dé. Láàárọ̀ yìí, mo kà á: ìgbà 17.

Àbúrò Yín:
Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, tó bá jẹ́ pé oorun ló gbé èèyàn lọ ńkọ́?

Bàbá Àgbà:
Ìyẹn ò sí nínú 17 yẹn.