Canon FD lórí Sony A7 II: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, ẹ ṣeun. Mo bèèrè pé kí ló dé tí Sony A7 II mi kò fẹ́ ya fọ́tò tí mo bá fi lẹ́ńsì àtijọ́ Canon FD 50mm f/1.4 sí i. Inú mẹ́núù ni ọ̀rọ̀ wà: "Release w/o Lens" (kí kámẹ́rà máa ya fọ́tò bí kò tilẹ̀ rí lẹ́ńsì) ni kí ẹ tàn. Lẹ́ńsì yìí kò bá kámẹ́rà sọ̀rọ̀ rárá, kámẹ́rà wá ń rò pé kò sí lẹ́ńsì lẹ́nu òun ni.

Ẹni tó ní kí n wo òrùka ara àdápítà (ohun tó so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà), Ọlọ́run á bù kún yín. Mo yí i sí "Lock", ni ihò inú lẹ́ńsì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kéré bí mo ṣe ń yí òrùka ara lẹ́ńsì lọ sí f/8 (ìwọ̀n ihò náà). Mo fi ọwọ́ kọ 50mm sí SteadyShot, ohun tó ń dín gbígbọ̀n kámẹ́rà kù.

Ẹni tó bèèrè bóyá lẹ́ńsì FD lè bá kámẹ́rà Canon EF lọ: láti ẹnu tí lẹ́ńsì ń wọ̀ dé sẹ́ńsọ̀ (ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà), FD nílò 42mm. Ti Sony jẹ́ 18mm, àdápítà á dí 24mm tó kù. Ti EF jẹ́ 44mm, ó ti kọjá ààlà. Láìsí gíláàsì nínú àdápítà, ohun tó jìnnà ò ní mọ́ láé. Ẹ má náwó sí i.

Ní f/2.8, irun ìpéǹpéjú ìyá mi hàn lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn gan-an. Mo ti pa ìbéèrè yìí dé.